Iṣẹ́ Tí Kò Gba Ẹ̀rín

Ẹ̀rín Ìbíyẹmí ni àwọn oníbàárà fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ ọjà ti wọ Ẹ̀gùá. Ẹ ò ní tíì rí ọkọ̀ náà, ẹ ó ti gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín gígùn ni, ó sì máa ń ran ẹni tó bá wà nítòsí. Obìnrin tí kò ní i lọ́kàn láti ra nǹkan kan á bá a rẹ́rìn-ín, kó sì tó mọ̀, ó ti ń ka páálí ọṣẹ sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi bá ilé-iṣẹ́ kan ta ọṣẹ, bisikíìtì àti mílíìkì inú ọ̀rá, láti Ìlaró dé Ayétòrò, láti Ayétòrò títí dé ẹnu bọ́dà. Ó mọ ọ̀nà náà débi pé, bó tilẹ̀ ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ara rẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn kí táyà tó bọ́ sínú kòtò. Iye ọjà tí ọ̀gá bá ní kó tà lóṣù, èyí tí wọ́n ń pè ní tágẹ́ẹ̀tì, kì í ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ kú.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin màmá náà ní Ayétòrò, oṣù ti ń lọ sópin, tágẹ́ẹ̀tì kò sì tíì pé. Ó gba ọjọ́ díẹ̀ sinmi, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní Ẹ̀gùá, Màmá Roheemat, tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, rí aṣọ dúdú lára rẹ̀, ó sì ń nu ọwọ́ láti wá dì mọ́ ọn. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín ti jáde. Ẹ̀rín gígùn yẹn náà ni, bó ṣe máa ń rí gẹ́lẹ́.

"Ìbíyẹmí, ṣé kò sí?"

"Kò sí o, Màmá mi! Páálí mélòó ni kí n já sílẹ̀?"

Ó tajà lọ́jọ́ náà. Tágẹ́ẹ̀tì pé, ó tún lé. Nígbà tí ọkọ̀ ń padà bọ̀, ó gbìyànjú láti sunkún, torí ó rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ó ń wá ìbànújẹ́ náà nínú ara rẹ̀ bí ẹni tí dókítà eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lábẹ́rẹ́ ṣe máa ń fi ahọ́n wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀. Kò kàn mọ̀ ọ́n lára ni.

Láti ìgbà náà ni gbogbo nǹkan ti rí bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ níyọ̀, ó mọ̀ pé ó níyọ̀. Òjò ṣú, ó ká aṣọ. Àbúrò rẹ̀, Dinah, tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé yàrá méjì ní Ìlaró, á sọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín, Ìbíyẹmí á mọ ibi tó yẹ kí òun ti rẹ́rìn-ín, á sì rín in níbẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ̀rín oníbàárà lẹ rín sí mi yẹn o," Dinah sọ lọ́jọ́ kan. Aránṣọ ni Dinah, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. "Mi ò ra ọṣẹ. Ẹ gbé e padà."

Bí ọ̀rọ̀ sọ́fítíwia ṣe wọ ayé rẹ̀ kò ní ariwo kankan nínú. Ilé-iṣẹ́ wọn mú ọkùnrin kan wá láti Èkó kó wá to nǹkan sínú fóònù gbogbo àwọn tó ń tajà, kí wọ́n lè máa fi kọ ọjà tí wọ́n bá tà sílẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sí kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ní Ìlaró, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá àwọn ọlọ́jà ń pa àwàdà, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, ọkùnrin yìí kò tiẹ̀ gbójú sókè. Kò sì sẹ́ni tó bá a wí! Wọ́n tún gbé mọ́ọ̀tì tútù fún un.

Ìbíyẹmí lọ bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yín?"

"Kọnsọ́tántì ni mí. Sọ́fítíwia àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń tà á fún wọn?"

"Rárá. Wọ́n á ti rà á kí n tó dé."

"Ṣé ẹ máa ń bá wọn ṣàwàdà?"

Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wò ó dáadáa. "Àwàdà kí ni? Màá bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n á dáhùn, màá sì tò ó sínú ẹ̀rọ. Ó tán."

Ó tán lóòótọ́. Àwọn mìíràn á sọ fún yín pé owó ló fa àwọn wọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tàbí ìrìn àjò sókè òkun. Ìbíyẹmí kò ronú kan èyíkéyìí nínú wọn. Iṣẹ́ tí kò gba ẹ̀rín ló ń wá, ó sì ti rí ọ̀kan.

Iṣẹ́ náà sì dára, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́! Ẹ fojú inú wo oníṣòwò kan tó ní sítọ́ọ̀ mẹ́ta ní ìlú mẹ́ta. Tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó kù níbì kan àfi tó bá débẹ̀. Ẹ wá gbé irú sọ́fítíwia yìí sáàárín wọn. Páálí ọṣẹ kan jáde ní Ẹ̀gùá: kí ẹni tó gbé e tó nu òógùn ojú rẹ̀, ẹni tó ń ra ọjà sí sítọ́ọ̀ ní Ìlaró ti rí i pé ó dín kan, ẹni tó ń ṣírò owó ti rí owó rẹ̀, ọ̀gá tó lọ sí Mẹ́kà lè tẹ fóònù rẹ̀ kó rí i lórí ẹní ìrun. Ohun kan ṣoṣo, gbogbo ojú ló rí i lẹ́ẹ̀kan náà! Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò dá nǹkan kan mọ̀ fúnra rẹ̀. Kọnsọ́tántì ló máa jókòó ti àwọn tó ni iṣẹ́, tó máa bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tó sì máa kọ́ ẹ̀rọ láti ṣe é bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò bá béèrè, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ pé ó wà láyé.

Ìdájí ni íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń yá ládùúgbò wọn, ìdájí náà ló fi ń kọ́ iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà, kó tó lọ bá ọkọ̀ ọjà. Àwọn olùkọ́ inú fídíò, ará Íńdíà ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Dinah á wà lórí ibùsùn, á máa sín wọn jẹ. Ìbíyẹmí kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Á kàn dá fídíò náà padà sẹ́yìn díẹ̀. Ó ṣe ìdánwò, ó fìdí rẹmi. Ó tún un ṣe, ó yege. Lọ́jọ́ tó yege, Dinah pariwo débi pé onílé jáde síta láti wò bóyá ejò ni. Ìbíyẹmí pa kọ̀ǹpútà dé, ó sì gbé ike, ó lọ pọn omi.

Ó pe bàbá rẹ̀ ní Ayétòrò. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, ó sì máa ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí pásítọ̀ kò bá sí nílé.

"Iṣẹ́ wo nìyẹn?" ni bàbá bi í. "Ṣé ìjọba ló ni ín?"

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé pẹ́ńṣàn wà níbẹ̀?"

"Mi ò tíì mọ̀, sà."

"Ó dáa. Màmá rẹ ì bá mọ ohun tó yẹ kó bi ọ́."

Ìbíyẹmí gbé fóònù sétí, ó dúró bóyá nǹkan kan á gbé e lọ́kàn. Kò sí nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì pa fóònù náà.

Ilé-iṣẹ́ àwọn kọnsọ́tántì kan ní Abẹ́òkúta gbà á fún oṣù mẹ́ta, láti dán an wò. Gideon ni orúkọ ẹni tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá rẹ̀, ọmọkùnrin kan tí kò ju ẹgbẹ́ Dinah lọ, ṣùgbọ́n tó mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un.

"Màdáàmù, iṣẹ́ àkọ́kọ́ yìí la ó fi mọ̀. Tí ó bá dúró, ẹ̀yin náà dúró. Tí kò bá dúró, a ó kí yín pé ó dàbọ̀."

Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ níbi ọjà títà náà sì pè é. "Mo fi àyè rẹ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta o. Lẹ́yìn ìyẹn, màá gba ẹlòmíràn. Àwọn oníbàárà ń béèrè ẹ̀rín rẹ."

Ìyẹn ló wà nílẹ̀: oṣù mẹ́ta, iṣẹ́ kan ṣoṣo, àti àyè kan tó ń dúró dè é lẹ́yìn ọkọ̀ ọjà. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà á. Ó kàn mọ̀ pé tí òun bá padà síbẹ̀, ẹ̀rín náà á máa jáde lọ, òun fúnra òun kò sì ní sí nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Alhaji Bàrúwà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ náà bọ́ sí. Ọlọ́jà ńlá ni ní Ìlaró, ó ní sítọ́ọ̀ níbẹ̀, ó ní òmíràn ní Ayétòrò, ó sì ní ẹ̀kẹta ní Ẹ̀gùá. Gideon ní kí Ìbíyẹmí lọ torí ó mọ ojú ọ̀nà. Ó jókòó nínú ọ́fíìsì Alhaji pẹ̀lú Habeebah, ọmọ Alhaji obìnrin tó ń bójú tó owó, àti Nàfíù, tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ Ẹ̀gùá láti ìgbà tí Alhaji fúnra rẹ̀ ṣì ń fi ọ̀kadà kó ọjà. Ó ń bi wọ́n ní àwọn ìbéèrè tí ilé-iṣẹ́ Abẹ́òkúta máa ń bi gbogbo oníbàárà.

"Ṣé ọjà kan wà tó máa ń jáde nínú sítọ́ọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan rà á?"

"Ní sítọ́ọ̀ tèmi?" Alhaji fi ọwọ́ lu àyà. "Èmi Bàrúwà? Ọmọ mi, tí eku bá gbé bisikíìtì kan níbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ mọ orúkọ eku náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìbíyẹmí dúró kí wọ́n rín in tán.

"Ṣé ẹ máa ń fi ọjà tọrẹ?"

"Àfi sàká," ni Habeebah fèsì, "owó sì nìyẹn, àpò Alhaji ló ti ń jáde."

"Nàfíù ńkọ́, ní Ẹ̀gùá?"

"Láéláé, Àǹtí! Ọrẹ kẹ̀? Ta ni mo fẹ́ ta lọ́rẹ?"

Ìbíyẹmí tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pé kò sí. Ọwọ́ rẹ̀ kò tiẹ̀ dúró lórí rẹ̀. Ó bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn.

Ọjọ́ tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, ká ní ẹ wà níbẹ̀ ni! Wọ́n ta páálí mílíìkì kan ní Ayétòrò, Habeebah rí i lójú ẹsẹ̀ ní Ìlaró, ó fò sókè. Alhaji ní kí wọ́n tún ta òmíràn. Wọ́n tà á, ó tún jáde. Ó ń ṣe bí ọmọdé tí wọ́n ra bọ́ọ̀lù fún, ó ń pariwo sínú fóònù pé, "Nàfíù! Mo rí ọ! Ibi tí o wà yẹn, mo ń rí ọ!" Gideon bọ Ìbíyẹmí lọ́wọ́. Ó dáhùn pé, "Ẹ ṣé, sà." Ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà, ohun gbogbo wà ní ipò tó yẹ kó wà. Ó dọ́gba, kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn tó fún un.

Oṣù parí, wọ́n ka ọjà. Ọjà kò pé.

Ti Ìlaró dín díẹ̀. Ti Ayétòrò dín. Ti Ẹ̀gùá, ó burú. Ọṣẹ dín, bisikíìtì dín, mílíìkì dín, owó tó wọlé sì pé géérégé. Ó dà bíi pé ẹnì kan ń wọlé wá jẹun ní sítọ́ọ̀ náà. Alhaji ránṣẹ́ sí Nàfíù, ó sì mú un dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì láìní kó jókòó.

"Láti ọjọ́ wo lo ti ń kó mi lẹ́rù?"

"Alhaji, mo fi Ọlọ́run búra..."

"Má tíì búra! Ẹ̀rọ yìí kò mọ̀ ọ́. Kò bá ọ du obìnrin, kò bá ọ jà. Kí ló máa fà á tó fi máa purọ́ mọ́ ọ?"

"Ti Ìlaró náà dín, Alhaji."

"Gbogbo yín lẹ ń jí i! Ẹni tó jí jù la ó fi ṣe àpẹẹrẹ."

Gideon fa Ìbíyẹmí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màdáàmù, ẹ lọ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i ní Ẹ̀gùá lọ́la. Tí ó bá ṣì dín, kí ẹ sọ pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ wọn ni. Sọ́fítíwia wa kò ní àléébù. Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá àgbà máa sọ̀rọ̀ lórí yín, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ olè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Ó dáa, sà."

Ọjọ́ ọjà ni ó dé Ẹ̀gùá. Nàfíù kí i, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀. Ó jáwọ́ nínú pípè é ní Àǹtí. Wọ́n jọ ń ka páálí láti ẹ̀yìn wá síwájú, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ àfi iye. Wọ́n ò tíì ka ìdajì nígbà tí Màmá Roheemat wọlé pẹ̀lú alábàárù méjì.

"Ìbíyẹmí! Ojú rẹ rèé! Wọ́n ní o ti di ẹni kọ̀ǹpútà, o ò wá ta ọṣẹ fún wa mọ́."

"Ẹ káàsán, Màmá mi."

"Hẹn. Nàfíù, gbé ọṣẹ páálí mẹ́wàá fún mi, kí o sì yá, àwọn ará Kétu ti dé."

Nàfíù gbé mẹ́wàá jáde, ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, ó gba owó, ó sì kó ọwọ́ sẹ́yìn. Páálí ọṣẹ kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti já ojú rẹ̀. Màmá Roheemat dúró. Ó wo Nàfíù, ó wo páálí tí wọ́n já.

"Èènì mi dà?"

"Kò sí èènì lónìí, Màmá."

"Kí ló dé tí kò sí? Ṣé ó rìnrìn àjò ni?"

"Ẹ máa bínú. Wọ́n ń pè mí lólè lórí ọ̀rọ̀ ọjà. Mi ò lè fọwọ́ kan nǹkan kan tí wọn ò rà."

"Èmi ni mo pè ọ́ lólè? Ẹ gbọ́ o! Àwọn tó ń ti òdìkejì bọ́dà wá yìí, kí wọ́n tó sọ 'bọnjúù' wọ́n ti ń sọ 'kadó mi ńkọ́', èènì ni wọ́n ń wí. Kí ni kí n gbé fún wọn? Gèlè mi?" Ó yíjú sí Ìbíyẹmí. "Ọmọ mi, bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ìwọ náà mọ̀."

Àfi bí ẹ̀rín ṣe jáde. Ẹ̀rín gígùn yẹn, ó kún sítọ́ọ̀ náà. Bó ṣe ń jáde, ọwọ́ Ìbíyẹmí ti wọ inú páálí tó wà ní jíjá, ó ti bu ọṣẹ ní ìkúnwọ́ ìkúnwọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n láìkà á, ó ti jù ú sórí ẹrù màmá náà, ẹnu rẹ̀ sì ti ń sọ pé, "Tiyín nìyẹn, Màmá mi, ẹ kú ìnáwó."

"Ẹ̀yin ẹ wò ó! Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyí," ni Màmá Roheemat sọ, ó sì jáde pẹ̀lú àwọn alábàárù rẹ̀.

Ìbíyẹmí dúró, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

"Nàfíù, páálí mélòó lẹ máa ń já fún èènì lójúmọ́?"

"Ó sinmi lórí èrò. Ọjọ́ ọjà, ọṣẹ kan, mílíìkì kan, bisikíìtì kan. Nígbà mìíràn ó máa ń lé. Àwọn ará òdìkejì kò gbà ká fún wọn ní kékeré."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ nígbà tí mo bi yín?"

Nàfíù tẹjú mọ́ ọn, inú rẹ̀ kò dùn rárá. "Ìgbà wo lẹ bi wá ní èènì? Ẹ bi wá bóyá à ń fi ọjà tọrẹ. Ta ló ń fi èènì tọrẹ? Ṣé tèmi ni? Ẹni tó ra ọjà ló ni èènì rẹ̀."

Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ ti bu èènì lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, òun náà ló sì fi ọwọ́ kan náà tẹ̀ ẹ́ pé kò sí. Alhaji kò purọ́, Habeebah kò purọ́, Nàfíù kò purọ́. Kò sẹ́ni tó ń ka èènì mọ́ ọjà tó jáde lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹnikẹ́ni kò ṣe ń ka kíkí mọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n wá sọ. Ẹ̀rọ nìkan ló kà á sí ọjà tó sọnù.

Ó lè ka páálí tó kù, kó padà, kó sọ ohun tí Gideon ní kó sọ. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, torí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni ọjà náà gbà jáde lóòótọ́. Ọjọ́ Ẹtì á dé, wọ́n á gbà á síṣẹ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bí ẹní ń wo ọjà tí kò fẹ́ rà. Lẹ́yìn náà ló wọkọ̀ padà sí Ìlaró.

Gbogbo wọn ló wà ní ọ́fíìsì Alhaji, Gideon náà wà níbẹ̀.

"Kò sí olè," ni Ìbíyẹmí sọ. "Èènì ni. Èmi ni mi ò fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ẹ̀rọ."

"Èènì?" ni Habeebah sọ.

"Èènì kì í ṣe ọjà," ni Alhaji sọ.

"Ọṣẹ ni, Alhaji. Inú páálí ló ti ń jáde."

"A ti ṣírò rẹ̀ mọ́ owó ọjà láti ayé bàbá mi!"

"Ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ owó, sà. Ẹ̀rọ kò mọ̀. Nàfíù fún wọn ní ohun tí ẹ̀yin náà máa fún wọn."

Gideon ń fi bàtà tẹ bàtà Ìbíyẹmí lábẹ́ tábìlì. Kò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.

"Ṣùgbọ́n o bi wá," ni Alhaji sọ, ohùn rẹ̀ ti ń rọlẹ̀. "Mo rántí pé o bi wá."

"Mo bi yín ní ọrẹ. Ẹ ní kò sí, òótọ́ lẹ sì sọ. Mo ti tajà pẹ́ lọ́nà yẹn, ó yẹ kí n mọ ohun tí mo máa bi yín. Àṣìṣe mi ni."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta bisikíìtì. Kò bẹ̀bẹ̀. Alhaji wo Nàfíù tó ṣì wà lórí ìdúró. Ó fi ẹsẹ̀ ti àga kan sí i.

"Jókòó," ló wí. "Ìwọ náà, o ò mọ ọ̀rọ̀ sọ."

Níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, Gideon di orí mú. "Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe yìí? A ní láti tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n máa ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, torí ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ ọ́!"

"Mo mọ̀, sà."

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

Ó ronú sí i tọkàntọkàn. "Ó yẹ kó bà mí."

Ibi tó wá dùn jù rèé. Àyè èènì ti wà nínú sọ́fítíwia náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é! Àwọn tó ṣe é lókè òkun fi síbẹ̀: páálí mélòó kan jáde, ẹyọ mélòó kan tẹ̀lé e, ẹ̀rọ á yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Pípa ló wà, torí ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n tàn án. Ohun tó gba àkókò ni iye tí èènì máa jẹ́. Alhaji ní ẹyọ kan fún páálí kan, ó tó.

"Alhaji," ni Nàfíù sọ, ó ti jókòó dáadáa nísinsìnyí, "ẹ wá fún Màmá Roheemat ní ẹyọ kan fúnra yín, kí n dúró sẹ́yìn máa wò yín."

Wọ́n fi kún un. Wọ́n fi ti Ẹ̀gùá lé ti ìyókù. Ìbíyẹmí tò ó síbẹ̀, wọ́n sì tún ọjà kà. Nàfíù ló fi fóònù pè é láti Ẹ̀gùá, ó ń kígbe pé, "Àǹtí, ó bára mu! Ó bára mu o!" Ìbíyẹmí gbọ́ pé ó tún ti ń pe òun ní Àǹtí. Ó ní kó tún ti mílíìkì kà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ṣọ́ọ̀bù Dinah ni Ìbíyẹmí wà, ó ń bá a já okùn lára aṣọ, nígbà tí Gideon pè.

"Wọn ò tíì gbà yín, wọn ò sì lé yín. Oṣù mẹ́ta mìíràn, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ní ẹni tó ṣe àṣìṣe tó sì lọ sọ ọ́ lójú oníbàárà, òun ò tíì rí irú rẹ̀, òun fẹ́ tún un wò. Ilé-iṣẹ́ oníyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kan ní Tube, lápá Ìpókíá, ló kàn. Ọjọ́ Ajé."

"Ó dáa, sà."

Oṣù mẹ́ta mìíràn. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ kò sì ní lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ó wá nọ́ńbà rẹ̀, ó pè é.

"Ẹ fún ẹlòmíràn ní àyè yẹn, sà."

"Ìbíyẹmí! Ṣé wọ́n ti gbà ọ́ pátápátá níbẹ̀ ni?"

"Rárá, sà."

"Ó wá dá ọ lójú?"

"Ẹ fún ẹlòmíràn, sà. Ẹ ṣé gan-an."

Dinah ti dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró látìgbà tí ó ti gbọ́ ohùn ọ̀gá náà. Ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bíi pé ó fẹ́ wọn aṣọ fún un.

"Àǹtí mi, ẹ ò ní ibi tí ẹ máa sá padà sí mọ́ nìyẹn o."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé inú yín dùn?"

Ìbíyẹmí ronú.

"Mi ò tíì mọ̀."

"Nígbà wo lẹ máa mọ̀?"

"Tí mo bá mọ̀, màá sọ fún ọ. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ibo ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ìpókíá?"

Dinah ṣàlàyé ibẹ̀ fún un, ó sì tún un ṣàlàyé. Wọ́n mú iná wá lójijì, fáànù Dinah sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìbíyẹmí gbé áyọ́ọ̀nù sórí tábìlì, ó tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa wọ̀ lọ sí Tube sílẹ̀, ó sì ń dúró kó gbóná.